Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Fèrè Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti orin jáàsì, a ti yí òwe yìí sódì, nítorí òde ni a ń wò kí ó kó ẹ̀ṣọ́ wálé fún wa. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń fọn fèrè l'Ékòó, ènìyàn díẹ̀ ni í jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù bá pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo wa a máa wí pé ọmọ wa ni. Ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àṣà yìí kò yẹ wá.

Ẹ wo ohun tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1991, Gary Crosby àti Janine Irons dá ẹgbẹ́ Tomorrow's Warriors sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin jáàsì, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọbìnrin. Wọn kò kọ́ wọn lásán. Wọ́n gbé wọn sórí ìtàgé níwájú ènìyàn. Níbẹ̀ ni Femi Koleoso onílù àti TJ àbúrò rẹ̀ ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pàdé, tí wọ́n fi di Ezra Collective ní 2012. Ní 2023 wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury, èyí tí ẹgbẹ́ jáàsì kankan kò gbà rí. Femi sì fi ọpẹ́ fún àwọn tí ó lo àkókò wọn lórí àwọn ọ̀dọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ Femi ní ìlù? Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni Tony Allen, ẹni tí a bí l'Ékòó ní 1940, tí ó sì kú ní Paris ní 2020. Nígbà tí Fela darí dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1963, jáàsì ni ó fẹ́ ṣe; ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì fẹ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni òun àti Tony Allen pàdé, láti inú iná kékeré náà sì ni Afrobeat ti jáde. Bí àwọn díẹ̀ wọ̀nyí bá ti jókòó sílé wọn ńkọ́?

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ mọ̀ pé, bí ó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀wé tó, kò tí ì di olùkọ́ títí yóò fi dúró níwájú àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn jáàsì rí. Lójú agbo ni a ti ń hun ún, gẹ́gẹ́ bí onídùndún ti ń wo ojú ọlọ́jọ́ kí ó tó mọ ohun tí ìlù yóò wí. Mú agbo kúrò, o ti mú iṣẹ́ náà kúrò.

Àwọn mìíràn yóò wí pé orin àjèjì ni, ilé ọtí sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ní ti èkíní, àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀ ní New Orleans. Ẹni tí ó mọ lílé àti ègbè kì yóò ṣe àjèjì sí i. Ní ti èkejì, kí ni a ń fi gbọ̀ngán ìlú àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé? Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó l'Ékòó ti di Freedom Park, orin sì ń dún níbẹ̀. Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá gba olórin, gbọ̀ngán wa kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ fèrè àti dùùrù nínú ìjọ. Kí olúkúlùkù san owó ẹnu ọ̀nà, kí ìjòyè má ṣe wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a padà lọ ní oṣù kejì àti ìkẹta. Nítorí ẹni tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, a kò tí ì mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, bí òkèèrè bá yìn wọ́n, yóò jẹ́ pé àwọn ará ilé ni ó kọ́kọ́ yìn wọ́n.