Ẹlẹ́rìí Àgọ́-Àrẹ Kò Gbọdọ̀ Di Èrò Ìbàdàn

Bí wọ́n bá pa èèyàn ní Àgọ́-Àrẹ, ní Òkè-Ògùn wa, tàbí tí adigunjalè bá dánà sí ọ̀nà oko, àwọn tó ṣojú wọn kì í pọ̀: àgbẹ̀ kan, ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀, ọlọ́kadà kan. Orí wọn ni ẹjọ́ dúró lé. Ṣùgbọ́n Ìyágankú ní Ìbàdàn ni ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ọ̀ràn ńlá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé afurasí lọ, bí a kò bá sì ṣọ́ra, ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ á jókòó sí.

Ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ sí Ìbàdàn lé ní 150 kìlómítà. Àgbẹ̀ wa á dìde lóru, á san owó mọ́tò, á jókòó síta kóòtù títí di ọ̀sán, wọ́n á wá ní adájọ́ kò jókòó lónìí, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó lè padà lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òjò ti rọ̀, ebè iṣu ń dúró dè é. Báyìí ni ẹjọ́ ṣe ń wọlẹ̀, kì í ṣe pé olùjẹ́jọ́ kò jẹ̀bi, ẹni tó rí i ni kò lè dé.

Òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Abala 93 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sọ pé ilé ẹjọ́ tó ni àgbègbè tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ apá kan rẹ̀, tàbí ibi tí àbájáde rẹ̀ ti hàn, ni kó gbọ́ ọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tirẹ̀ ní 2016. Kódà ìwé òfin ilẹ̀ wa fi jíjìn ọ̀nà wọn ẹ̀tọ́ èèyàn: bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ẹnì kan, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀. Ṣakí, níbi tí ẹ̀ka ilé ẹjọ́ gíga wà, kò tó 40 kìlómítà sí Àgọ́-Àrẹ.

Mo mọ èsì táwọn agbẹjọ́rò máa fún mi. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ṣakí àti Ìbàdàn, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n torí ìrọ̀rùn aráàlú ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ka sílẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ ká rántí James Ibori. Kàdúná ni wọ́n kọ́kọ́ gbé gómìnà Delta àná yìí lọ lọ́dún 2007. Ó janpata pé ọ̀ràn tí wọ́n kà sí òun lọ́rùn kò ṣẹ̀ níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbè é. Wọ́n gbé ẹjọ́ wá sí Asaba, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2009, adájọ́ dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn 170. Lọ́dún 2012, ó gbà ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13.

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kóòtù ìtòsí nìkan ti tó. Àwa ará Òkè-Ògùn gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀: nígbà tí Òkèhò àti Ìsẹ́yìn gbéná wojú ìjọba òyìnbó ní 1916, kóòtù ìbílẹ̀ tuntun tó wà láàárín wọn gan-an wà lára ohun tó bí wọn nínú. Bí alágbára ìlú bá ń dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, kí ẹjọ́ kúrò níbẹ̀. Òfin 2015 fún Adájọ́ Àgbà lágbára láti gbé e lọ síbòmíràn, kí àwọn olùpẹ̀jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìdí gbọ́dọ̀ wà. Pé fáìlì ti wà n'Ìbàdàn kì í ṣe ìdí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìwádìí parí ní Ìyágankú, kí fáìlì, afurasí àti ẹrù ẹ̀rí padà sí Ṣakí. Bí adájọ́ kò bá tó níbẹ̀, kí wọ́n fi kún wọn. Kí wọ́n sì san owó mọ́tò ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó jáde nínú ọgbà kóòtù.