Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Ìṣó

Àwọn àgbàlagbà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé rélùwéè kékeré tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ni fàájì wọn. Ẹ má pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé o. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tí kò gùn tó apá, lè gbà ju igba pọ́n-ùn lọ, àwọn mìíràn sì ti ń sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é rárá. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bíi Hornby bá gbé tuntun jáde, ẹ ó gbọ́ àròyé. Ọ̀kan á ní àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣú jù. Òmíràn á ní ihò èéfín rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kẹta á gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi sójú, á ka ìṣó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, á wá kéde pé ọ̀kan dín. Àwọn èèyàn wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní aka-ìṣó.

Ní tèmi, mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní Awo, ní Ẹdẹ, ní Òṣogbo, kò gùn: aka-ìṣó la ò ní tó. Apàtẹ́wọ́ ti pọ̀ jù láàárín wa.

Ẹ wo ìjà tó ti pẹ́ láàárín àwọn èèyàn yìí. Rélùwéè kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní OO, tí a bá fi ìwọ̀n rélùwéè gidi pín sí ọ̀nà 76, ìpín kan ni tirẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ó yẹ kí àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 18.83. Ṣùgbọ́n 16.5 ni. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́, mọ́tò iná tó wà nígbà náà kò wọ inú ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ lójú, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Mìlímítà méjì àti díẹ̀ péré! Síbẹ̀, àwọn kan kọ ohun tí ilé iṣẹ́ ń tà, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn to irin tó bá òṣùwọ̀n mu.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ojú irin àtijọ́ tó gba Ẹdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, mìlímítà 1067 ni àlàfo rẹ̀. Ojú irin tuntun tí Ààrẹ Buhari ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, 1435 ni tirẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 368. Èyí kì í ṣe ti orí tábìlì mọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ tó dé Mọ́níyà kò lè gun irin àtijọ́ lọ sí Ìwó, Ẹdẹ tàbí Òṣogbo, bó ti wù kó lágbára tó. Ará Awo tó bá fẹ́ wọ rélùwéè tuntun lọ sí Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn. Ẹ rántí rélùwéè ọ̀fẹ́ tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi máa ń kó èèyàn láti Èkó wá sí Òṣogbo lásìkò Iléyá àti Kérésìmesì. Orí irin àtijọ́ yẹn ló gbà wá.

Kí la wá ṣe nígbà tí tuntun jáde? A ya fọ́tò. A ní inú rẹ̀ tutù, a ní àga rẹ̀ rọ̀. Gbogbo ẹ̀ dáa, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló béèrè 368? Mélòó ló béèrè ìdí tí ibùdókọ̀ Ìbàdàn fi kúrò ní Dùgbẹ̀ láàárín ìlú, tó wá di ti Mọ́níyà lọ́hùn-ún? Nígbà tí Èkó ṣí Red Line lóṣù kejì ọdún 2024, ẹwà ọkọ̀ Talgo la gbé sẹ́nu. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn fún, Wisconsin kò sì lò wọ́n. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára wọn lọ́la, níbo la ti máa rí èyí tá a máa fi dípò rẹ̀? Ìbéèrè tí aka-ìṣó máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Mo mọ òwe tí ẹ máa fi dá mi lóhùn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe náà dára, ibi tí ẹ lò ó sí ni kò bá a mu. Ta ló ṣe ta lóore? Owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ni Nàìjíríà yá lọ́wọ́ báńkì China Exim fún ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Èmi, ẹ̀yin, àti ọmọ tí a ò tíì bí, la máa san án. Ẹni tó ń ra bàtà lọ́jà a máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò, kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláìmoore.

Àwọn kan á ní ìwà òyìnbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1973, Robert Farris Thompson tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà. Àwọn èèyàn wa ló gbé ère síwájú, tó ní kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí rẹ̀. Wọ́n dárúkọ gígún, wọ́n dárúkọ dídán, wọ́n dárúkọ jíjọra: kí ère jọ èèyàn, kó má sì jọ ọ́ jù. Lónìí náà, tí ọmọdé bá fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Táyà ẹ̀yìn ẹ ò yí!” Ọmọ náà á padà lọ tún un ṣe. Ilé la ti kọ́ lámèyítọ́. A kàn ń gbàgbé rẹ̀ bí nǹkan náà bá ti tóbi, tí gómìnà tàbí ààrẹ bá ti gé ríbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀ ni.

Àtakò kan ṣì kù, òun ló lágbára jù. Òyìnbó tó ń ka ìṣó lè kọ̀ láti ra ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ jáde ṣáájú títà, kí àwọn aláròyé lè tọ́ka sí àṣìṣe. Àwa ò lè dá rélùwéè padà sí Ṣáínà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ìyẹn kọ́ wa ni pé ká tètè sọ̀rọ̀. Ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù là ń tún ìkòkò ṣe. Orí ìwé ni apá tó yẹ kó gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká béèrè báyìí: ṣé inú ìlú ni ibùdókọ̀ Ẹdẹ tuntun máa wà, àbí inú igbó? Kí ni wọ́n máa fi irin 1067 ṣe? Ṣé wọ́n máa wó ibùdókọ̀ àtijọ́ ni, àbí wọ́n á tọ́jú rẹ̀?

Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ lọ sí ojú irin Ẹdẹ lọ́sàn-án Sátidé kan. Ẹ wọn ilé ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò fèrèsé àti òrùlé rẹ̀, kí ẹnì kan fi páálí ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú léèrè iye kọ́ọ̀ṣì tó máa ń dúró níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń kó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé àwòrán ibùdókọ̀ tuntun dé lọ́jọ́ kan, ìwé yín á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì mọ ìṣó tó dín.