Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé



Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dára lẹ́nu ẹni tó ti wádìí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Lẹ́nu ẹni tí kò wádìí, ó lè gba ẹ̀mí aláìṣẹ̀. Ikú àgbàlagbà kan ní abúlé àgbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n lónìí, nítorí pé ẹ̀sìn àtijọ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Charles Walton ni orúkọ bàbá náà. Ẹni ọdún 74 ni, làkúrègbé ń bá a jà, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Abúlé Lower Quinton ní agbègbè Warwickshire ló ń gbé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, ó lọ gé igi tútù tí wọ́n fi ṣe ọgbà oko àgbẹ̀ kan ní ẹ̀bá òkè Meon Hill. Ilẹ̀ ṣú, bàbá kò wálé. Nígbà tí wọ́n wá a lọ, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá. Apànìyàn ti fi ọ̀pá bàbá náà lù ú, ó ti fi àdá tó fi ń gé igi gé e lọ́fun, ó sì ti fi àmúga ńlá tí àgbẹ̀ fi ń kó koríko kan ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Robert Fabian, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ olókìkí láti Scotland Yard, wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará abúlé lẹ́nu wò, wọn kò sì yọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ará Ítálì tó wà ní àgọ́ kan nítòsí sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó gba bàbá náà síṣẹ́ ni ìfura pọ̀ sí lórí jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. A kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́, títí di òní olónìí.

Ibi tí òtítọ́ bá ti ṣófo ni àhesọ máa ń wọ̀ sí. Wọ́n rántí pé ní 1875, ní Long Compton tí kò jìnnà síbẹ̀, ọkùnrin kan fi àmúga oko pa arúgbó obìnrin kan tí ń jẹ́ Ann Tennant. Wọ́n tún rí ìwé ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tó sọ̀rọ̀ ọmọdékùnrin kan tó rí ajá dúdú abàmì lálẹ́. Charles Walton ni ìwé náà pe ọmọ náà. Kíá ni ẹni tí a pa di ẹni awo. Ní 1950, Margaret Murray, onímọ̀ nípa Íjíbítì, sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bàbá náà rúbọ. Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn àtijọ́. Láti 1921 ló ti ń kọ̀wé pé ẹ̀sìn àtijọ́ Yúróòpù ni àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ń sìn. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e kò gba àlàyé rẹ̀ wọlé. Nígbà tó di 1970, Fabian fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé ètùtù kèfèrí ni ikú náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún ìtàn náà wò. Ta ló pa Ann Tennant? Àjẹ́ kọ́. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù àjẹ́ ni, tó gbà pé arúgbó náà wà lára àwọn tí ń yọ òun lẹ́nu. Nínú ìtàn méjèèjì yìí, ẹyọ ikú kan ṣoṣo tí a lè fi ẹ̀rí so mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́, ọwọ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn ló ti wá. Ní ti Walton, aago àpò rẹ̀ tí wọ́n wá tì ní 1945 jáde ní 1960, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó gbé. Ta ló fi í síbẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ apànìyàn nìyẹn. Ariwo àjẹ́ kò dáhùn rẹ̀. Ńṣe ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ní 1950 kan náà ni àwọn Àtíńgà gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n ní àwọn wá fọ àjẹ́ kúrò nílùú. Wọ́n fi ipá mú àwọn ìyá wa jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Àjẹ́ nìkan ha ni wọ́n bá jà bí? Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà, wọ́n sì gé igi ìrókò lulẹ̀, kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní 1951. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ arúgbó tí kò lólùgbèjà, ojúbọ wa ni yóò parí rẹ̀ sí.

Lónìí pẹ̀lú, bí a bá rí òkú nínú oko, kí ọlọ́pàá tó dé ni ariwo ti sọ pé àwọn abọ̀rìṣà ni. Inú wa kì í dùn sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ òótọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fi agbára pípa ènìyàn ṣe fọ́ńté kí wọ́n lè rí oníbàárà. Àwọn mìíràn máa ń tọ́ka sí ìyá àgbà ní àdúgbò pé òun ló di ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe èyí kò yàtọ̀ sí ọkùnrin Long Compton. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ènìyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì lè tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè kò ju mẹ́ta lọ. Bí ìpànìyàn bá ṣẹlẹ̀, kí a jẹ́ kí ẹ̀rí ṣíwájú ẹ̀sùn. Bí ẹ̀rí bá mú ọ̀kan nínú wa, kí a fà á lé òfin lọ́wọ́; awo kì í ṣe ibi ìsápamọ́ apànìyàn. Bí wọ́n bá sì fẹ̀sùn àjẹ́ kan arúgbó, kí oníṣẹ̀ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dúró tì í.

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti pa Charles Walton. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Níbi tí wọ́n ti gé èyí tí kò ṣẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a fi ẹnu wa pa aláìṣẹ̀. Àṣẹ.