Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà àti Àwa Ará Ìbàràpá

Ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń jiyàn lórí ṣíìpù, èyíinì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan a ní ti Intel ni ó yá jù, èkejì a ní irọ́ ni, ti AMD ni. Ti Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Ní 1968 ni a dá Intel sílẹ̀, AMD sì tẹ̀lé e ní 1969, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. (Àwa tí a ń bí ìbejì tó bẹ́ẹ̀ ní Igbó-Ọrà ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìjà ìbejì kì í kan àlejò.)

Àwọn kan ń wí pé ire wa ni ìjà wọn, nítorí ó ń mú kí owó ọjà wálẹ̀. Òótọ́ ni, nígbà tí ọjà bá pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá wọ́n ńkọ́? Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní kí a má ṣe ṣíìpù fún àwọn mọ́. Kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ni ayé ń rà, àwọn ni a sì fi àyè náà fún. Nígbà tí àwọn onímọ́tò padà dé, àyè ti kún. Ní oṣù Kejì 2021 òtútù líle mú kí iná kú ní Texas, ilé-iṣẹ́ ṣíìpù Samsung sì dá iṣẹ́ dúró. Ní oṣù Kẹta iná jó ti Renesas ní Japan. Ọ̀dá mú Taiwan, bẹ́ẹ̀ omi púpọ̀ ni a fi ń fọ ṣíìpù. Ford àti Toyota pàápàá dín iṣẹ́ kù nítorí ohun tí kò ju èékánná lọ. Bí ó bá ṣe olówó báyìí, ta ni yóò rántí ọmọ Ìdèrè tí kò lè ṣe ìdánwò JAMB àfi lórí kọ̀ǹpútà? Ní ìparí 2025 ọ̀wọ́n tún dé bá ṣíìpù tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan.

Amẹ́ríkà, tí ó ti ń wàásù fún gbogbo ayé pé kí ìjọba má ṣe dá sí òwò, ni ó ṣòfin ní oṣù Kẹjọ 2022 láti ná ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 52 dọ́là lórí ṣíìpù. Nígbà tí Intel rẹ̀ ẹ́, ìjọba kan náà gba nǹkan bí ìpín 10 nínú 100 rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2025.

Ẹ ó wí pé àgbẹ̀ ni wá, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni iṣẹ́ wa. Ìrẹsì àti ìrèké ni Taiwan náà ń tà rí. Ní 1976 ó rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ ṣíìpù. Ní 1987 a dá TSMC sílẹ̀ níbẹ̀, tí ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣíìpù. AMD fúnra rẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú ṣíṣe ṣíìpù ní 2009. Òun a ya àwòrán, Taiwan a ṣe é. N kò ní kí a kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Lánlátẹ̀, owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àwòrán yíyà ni mo ń wí. Ìlànà kan wà tí a ń pè ní RISC-V, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Berkeley ní 2010, tí ẹnikẹ́ni lè fi ya ṣíìpù tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ní 1963 Yunifásítì Ìbàdàn gbé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà, àwọn tí yóò di dókítà sì ń gbé àárín wa kọ́ṣẹ́. Kí ni ó dé tí a kò béèrè kí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ gba ọ̀nà kan náà wá, nígbà tí Pólì wà ní Èrúwà? Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ wo iye tí aṣọ ẹbí òkú àgbà kan ń gbà. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan lọ́dọọdún, méje ni yóò jẹ́, kí a sì sanwó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a sì ṣírò owó rẹ̀ níbẹ̀.