Ìbòrí àti Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Kọ́ Lára Bilqis Abdul-Qaadir

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá akọ, tí ó dá abo, tí ó sì fún oníkálukú ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé e títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn tí a parí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó ní, "Àáfà, olùkọ́ eré ìdárayá wa ní ilé-ìwé ní kí n ṣí ìbòrí mi bí mo bá fẹ́ bá wọn sáré níbi ìdíje. Kí ni kí n ṣe?" N kò bi í bóyá òbí rẹ̀ ti bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀. N kò bi í bóyá òfin ni tàbí ìfẹ́ inú ẹnì kan. Mo kàn ní, "Fi eré náà sílẹ̀." Ó ní, "Ó dáa, Àáfà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó fi eré náà sílẹ̀ lóòótọ́. Kò pẹ́ sí i, kò wá sí ilé-kéú déédéé mọ́. Ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo tó mọ̀ pé ìdáhùn mi kò pé.

Bilqis Abdul-Qaadir ni orúkọ ẹni tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ìlú Springfield ni, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1990 ni wọ́n bí i. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbá, tí a sì ń jù sínú àwọ̀n tí a so sókè, ni Ọlọ́hun fi ta á lọ́rẹ. Ọmọbìnrin náà kò ga, bẹ́ẹ̀ ni eré àwọn tí ó ga ni eré náà. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi parí ilé-ìwé girama ní ọdún 2009, ó ti gba àmì-ayò 3,070. Kò sí ọmọ ilé-ìwé girama kankan ní ìpínlẹ̀ náà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, tí ó tíì dé ibẹ̀ rí nígbà náà. Nínú Ramadan ọdún kan náà, Ààrẹ Obama pe àwọn Mùsùlùmí wá ṣínu ní ilé ìjọba. Bilqis wà lára wọn, Ààrẹ sì dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn àlejò.

Pẹ̀lú ìbòrí, aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò tí ó bo ẹsẹ̀ ni ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó wọ yunifásítì Memphis, orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ farapa, ó jókòó fún sáà kan. Nígbà tí ó padà sórí pápá ní ọdún 2010, òun ni ó kọ́kọ́ fi ìbòrí gbá bọ́ọ̀lù ní ipele àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ó gba oyè ní Memphis, ó sì lọ gbá sáà rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní yunifásítì Indiana State. Ọdún 2014 ni ó parí níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ó máa fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ bí iṣẹ́ yìí ti rí. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ 12 péré ni ó wà nínú líìgì àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mú ènìyàn 12, àyè 144 ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó ń jáde ní yunifásítì lọ́dọọdún. Nítorí náà, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ: Sípéènì, Faransé, Ítálì, Tọ́kì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, níbi tí sáà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, tí ó sì ń parí ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Kódà àwọn tí ó ní àyè ní Amẹ́ríkà pàápàá ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn sáà tiwọn, nítorí pé nígbà náà owó ibẹ̀ lè ju ti ilé lọ. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ kan ní Rọ́ṣíà sanwó fún Diana Taurasi, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì jù lọ, kí ó má baà gbá sáà Amẹ́ríkà rárá. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025 náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù. Ojú ọ̀nà gidi ni, kì í ṣe àlá.

Ibẹ̀ ni Bilqis ń lọ tí òfin fi dá a dúró. FIBA, àjọ tí ó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé, ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ohunkóhun sórí, àfi ọ̀já iwájú orí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Wọ́n ní nítorí kí ènìyàn má baà farapa ni. Kì í ṣe àwa nìkan ni òfin náà bá wí. Ní ọdún 2014 kan náà, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin Síìkì méjì tí wọ́n ń gbá fún Íńdíà ṣí láwàní wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn obìnrin Kátà dé ibi ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní Incheon, wọ́n ní kí wọ́n ṣí ìbòrí. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì padà sílé.

Bilqis náà kò ṣí i. Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ìgbàgbọ́ òun rí ìdánwò, pé òun rò ó síwá, òun rò ó sẹ́yìn. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò pàdánù ni ìpinnu máa ń rọrùn fún. Ọmọbìnrin yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí yóò jẹ èrè rẹ̀ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kò lọ jókòó sílé kí ó máa sunkún. Òun àti àwọn mìíràn kọ̀wé, wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àpérò FIBA ní Hong Kong fi ẹnu kò láti yí òfin náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹ wo ohun tí òfin tuntun béèrè: kí ìbòrí jẹ́ dúdú tàbí funfun, tàbí kí ó bá àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ mu, kí ó má bo ojú, kí ó má ní ohun tí ó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ọ̀rọ̀ tí abẹ́rẹ́ àti òwú lè parí ni wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọdún mẹ́ta ti lọ. Bilqis kò padà sí Yúróòpù láti fi bọ́ọ̀lù jẹun. Àwọn ẹlòmíràn ni ó gba ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí wọlé. Òun kọjú sí kíkọ́ àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní eré ìdárayá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ní ilẹ̀ Faransé, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn fi òfin de ìbòrí níbi ìdíje ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí FIBA ti gbà á láyè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n dá Salimata Sylla, tí ń gbá fún Aubervilliers, dúró ní ọjọ́ ìdíje. Wọ́n ní kí ẹ̀sìn má wọ orí pápá. Èsì tèmi ni pé ọmọ náà kò wá ṣe wáàsí. Bọ́ọ̀lù ni ó wá gbá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn àáfà wa yóò bi mí pé, kí ni obìnrin ń wá lórí pápá lójú ọkùnrin? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdànù. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àti ibi tí ó yẹ kí obìnrin ti ṣeré, ojú wọn kò sì rí bákan náà. Mo ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n eré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún obìnrin. Ó wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud pé ìyá wa Aisha bá Ànábì sáré ìje, ó sì borí rẹ̀ nígbà kan. Bí a bá ní àwa kò fẹ́ kí ọmọ wa ṣeré lójú ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí wọn yóò ti ṣe é láàárín ara wọn. Kí a máa sọ pé "má ṣe" láìsí "ṣe báyìí" ni kò tọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí ni pé Bilqis gba ìwé-ẹ̀rí kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ fi ẹ̀bùn yín ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè dá nìkan bá ọ̀gá ilé-ìwé jiyàn. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣí ìbòrí, ẹ dìde, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ bi wọ́n pé òfin wo ni. Ẹ mú ìbòrí tí a rán dáadáa, tí ó fún mọ́ orí, tí kò ní pín-ìnnì, dání lọ fi hàn wọ́n. Ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ẹ bá wọn lọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òfin tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe.

Ní ti èmi, mo ti lọ kí ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi àti bàbá rẹ̀ sì ti jọ jókòó. Mo sọ fún un pé ó yẹ kí n ti bá a lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ náà. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún dé bá, kí ó wá bá mi. N kò ní sọ pé kí ó fi sílẹ̀ kí n tó bi í léèrè.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀, ìlera àti ìdúróṣinṣin. Àmín.