Lórí Òkè Miwa, Kí Fóònù Wà Lápò

Ẹni tó bá fẹ́ gun Òkè Miwa, ní ìlú Sakurai lẹ́kùn Nara, ní Japan, yóò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní ojúbọ Sai. Yóò san 300 yen, wọn yóò sì fún un ní ọ̀já funfun tó ní ṣaworo kékeré, tí yóò gbé kọ́ ọrùn títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Òfin wá tẹ̀ lé e: ẹ má ya fọ́tò, ẹ má jẹun, omi nìkan lẹ lè mu.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń rìnrìn àjò pé àṣejù ni ti fọ́tò yìí. Èmi ò bá wọn gbà rárá.

Ojúbọ Shinto tó pọ̀ jù ló ní ilé tí òrìṣà ń gbé. Ti Ōmiwa, ojúbọ òkè yìí, ò ní. Gbọ̀ngàn tí Tokugawa Ietsuna, ṣógùn tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ní kí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1664 kàn kọjú sí òkè ni, torí òkè gan-an ni ara òrìṣà Ōmononushi. Kò ga lọ títí, mítà 467 ni, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ará ìlú lásán kì í kàn án. Wọ́n wá gbà ọ́ láyè kí o fẹsẹ̀ tẹ ara òrìṣà, o tún ń bèèrè àwòrán!

Nítòsí gbọ̀ngàn yẹn ni igi kédárì àgbà kan wà tí wọ́n gbà pé ejò funfun òrìṣà náà ń gbé. Ìyá arúgbó kan gbé ẹyin àti ìgò ọtí ìrẹsì síwájú igi náà, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tẹrí ba, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ejò fẹ́ràn ẹyin, wọ́n ní.

Lójú ọ̀nà òkè, àwọn kan bọ́ bàtà, wọ́n ń fẹsẹ̀ lásán gùn ún. Ṣaworo ń dún lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń sọ̀ ń kí àwọn tó ń gòkè. Nígbà tá a dé ibi òkúta tí wọ́n fi okùn yí ká lókè, oníkálukú dúró, ó wò ó tẹ́rùn. Ìgbà wo la wo nǹkan bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn nílé?

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Igbó Ọ̀ṣun wa ti wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, síbẹ̀ bí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ́jọ́ ọdún, bá ń kọjá, fóònù ló ń kọ́kọ́ rí i kí ojú tó rí i. Kí àwọn àgbààgbà wa yan ibì kan létí odò, ìba díẹ̀ náà ni, tí kámẹ́rà ò ní dé. Kí oníròyìn àti àlejò pàtàkì náà pa tiwọn mọ́ níbẹ̀.