Halelúyà Tí Kò Dún

Ibi kíkà: Lúùkù 13:1-5

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ara mi ni mo ti kọ́kọ́ fi bá wí kí n tó mú un tọ̀ yín wá. Bí ó bá ta yín lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti ta èmi náà.

Ẹ ó rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa tú jáde sí ìgboro pé ìyà tí àwọn ọlọ́pàá SARS fi ń jẹ àwọn tó gẹ́ẹ́. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá náà sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọmọ tó bá gbé kọ̀ǹpútà dání tàbí tó jókòó sínú ọkọ̀ tó dára ti di ẹni tí wọ́n ń dá dúró, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Àwọn ọmọ náà kò kúrò ní títì, nítorí wọ́n ti gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó di alẹ́ ogúnjọ́, àwọn ṣọ́jà dé Lẹ́kí, wọ́n sì yìnbọn níbi tí àwọn ọmọ náà jókòó sí pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè wa lọ́wọ́.

Èmi kò fojú kan oorun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ọmọ ní Èkó. Mo sunkún, mo gbàdúrà, mo sì gégùn-ún, kí Olúwa dárí jì mí.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti dàrú. Wọ́n ń dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń fọ́ ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ń pa àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìgbà náà sọ pé àwọn ọlọ́pàá 22 ni ó kú nínú rògbòdìyàn náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, arábìnrin kan jáde ní ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ nínú ìjọ wa láti wá dúpẹ́. Ọlọ́pàá ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti sun àgọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó fo ògiri ẹ̀yìn, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Arábìnrin náà ní, "Ẹ yin Olúwa!"

Halelúyà wa kò dún.

Ó tún un sọ. Àwọn ènìyàn bíi mẹ́rin ló dáhùn. Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan jáde láti dúpẹ́ pé ọmọ òun ra ọkọ̀. Halelúyà tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Ẹ̀yin ará, mo wà níbẹ̀. Èmi náà kò dáhùn. Kì í ṣe pé a kò mọ arábìnrin yẹn. Ọdún mélòó ló ti fi ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run kí a tó jí? Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni a rò, a kò rò ó pé ọkọ ènìyàn ni. Nínú ọkàn wa, a ti pín òkú ilẹ̀ wa sí ọ̀nà méjì: òkú tiwa, àti òkú tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì wa. Ní Lúùkù orí kẹtàlá, àwọn kan wá sọ́dọ̀ Jésù pẹ̀lú ìròyìn ìgboro. Pílátù ti pa àwọn ará Gálílì kan níbi tí wọ́n ti ń rúbọ, ẹ̀jẹ̀ wọn sì dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹran ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ikú ni wọ́n gbé wá. Ẹ kíyè sí i pé Gálílì wà ní àríwá, Jùdíà sì wà ní gúúsù. Àwọn ará gúúsù kò ka àwọn ará àríwá sí. Ohùn ẹnu wọn pàápàá yàtọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi dá Pétérù mọ̀ ní àgbàlá (Mátíù 26:73). Ẹ sì rántí ohun tí Nàtáníẹ́lì béèrè nípa Násárẹ́tì ní Jòhánù 1:46. Ilẹ̀ kan náà, Ọlọ́run kan náà, tẹ́ńpìlì kan náà, síbẹ̀ wọ́n pín.

Kí ni àwọn tó mú ìròyìn wá ń fẹ́ kí Jésù sọ? Ìdáhùn rẹ̀ fi hàn pé ó mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú náà pọ̀ ju ti gbogbo ará Gálílì yòókù lọ. Olúwa kò sọ pé Pílátù ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òkú lẹ́bi kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó mẹ́nu kan àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù ní Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gbé òkú àríwá wá, ó fi òkú gúúsù tì í. Ó gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, ó sì yíjú sí àwọn tó ń béèrè pé bí àwọn fúnra wọn kò bá ronú pìwà dà, àwọn náà yóò ṣègbé. Wọ́n wá gbọ́ ìdájọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì gbọ́ ti ara wọn.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọdún 2020 ti di ìtàn, ẹ jẹ́ kí á wo ọdún 2024. Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ènìyàn tún jáde, ebi ni wọ́n sì ní ó lé àwọn jáde. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Epo bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦600. Ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé oúnjẹ tí a fi ₦100 rà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti lé ní ₦140 ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ sọ́jà mọ̀ ju ìṣirò lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni a sọ? Kí ẹnikẹ́ni tó jáde ni àwọn kan nílẹ̀ wa ti ń sọ pé àwọn Ígbò ló fẹ́ wá dáná sun Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí àwọn Ígbò kó ẹrù wọn kúrò nílẹ̀ Yorùbá, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi jáde sọ pé ọwọ́ òun kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tó wá jẹ́ pé àríwá ni nǹkan ti gbóná jù, tí àwọn ọmọdé kan gbé àsíá Rọ́ṣíà ní Kánò, tí àwọn jàǹdùkú sì ń kó ẹrù olẹ́rù, a yí ohùn padà, a ní àwọn Hausa ló ń dìtẹ̀. Ẹgbẹ́ Amnesty International sọ pé ó kéré tán, ènìyàn 24 ni wọ́n pa, ní Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Jígáwá, Bọ̀nọ́ àti Náíjà. Ẹ̀yin ará, nínú ìjọ wo ni a ti dìde dúró fún wọn ní ìṣẹ́jú kan? Ní tiwa, n kò rántí pé a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ìwọ́de yẹn. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wà níbẹ̀. Àárẹ̀ mú wọn débi pé mẹ́rin nínú wọn ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ààrẹ pàṣẹ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ pé kí wọ́n tú àwọn ọmọdé náà sílẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo wà nínú ọkọ̀ èrò kan tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọkùnrin kan ní, "Ṣebí àwọn tó gbé àsíá Rọ́ṣíà nìyẹn? Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ jàre." Arákùnrin yìí kan náà ló gbàdúrà fún gbogbo wa kí ọkọ̀ tó gbéra, a sì ṣe àmín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣé ìwọ́de ni kí Kristẹni máa ṣe? Róòmù orí kẹtàlá ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á jókòó sọ ni. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 40, fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá jalè tàbí tó dáná sun ilé, kí òfin mú un. Èmi kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á sọ pé ohun kan kò tọ́, àti kí á máa yọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ṣubú, méjì ni. Ìwé Òwe 24:17 kọ̀ fún wa láti yọ̀ nígbà tí ọ̀tá pàápàá bá ṣubú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti aládùúgbò. Àwọn àgbà sì ní ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mọ́rí ẹyin ni.

Ẹ wo Nehemáyà, ẹni tó jẹ́ gómìnà. Ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀, àwọn ènìyàn àti àwọn aya wọn figbe ta. Wọ́n ti fi oko àti ilé dúró láti rí ọkà jẹ nígbà ìyàn, wọ́n sì ti yáwó láti san owó orí ọba. Nehemáyà kò béèrè pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Kò béèrè pé ta ló ń fún wọn lówó. Ó gbọ́ igbe náà, inú bí i, ó sì kọ́kọ́ bá ọkàn ara rẹ̀ gbèrò kí ó tó la ẹnu. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ka ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ àwọn tó yá ènìyàn lówó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹsẹ kẹwàá dáadáa.

Kí ni kí á wá ṣe? Àkọ́kọ́, kí ẹ tó fi iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín pé ṣé ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀rí èké kò di òótọ́ nítorí pé ẹ̀yà mìíràn ló bà jẹ́. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ.

Èkejì, bí ẹ bá ń gbàdúrà nínú ilé yín fún àwọn tó kú ìgboro, ẹ dárúkọ Lẹ́kí, kí ẹ sì dárúkọ Kánò. Ẹ rántí ìyá àwọn ọ̀dọ́, ẹ sì rántí opó ọlọ́pàá. Ọkàn kì í pẹ́ yí padà sí ẹni tí a bá ń dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ yín ń gbọ́. Ẹ̀yà tí ẹ bá kọ́ wọn láti kórìíra lónìí, wọ́n lè bá a gbé lọ́la, wọ́n sì lè fẹ́ nínú rẹ̀.

Ní ti arábìnrin tí mo sọ, ó tó oṣù márùn-ún kí n tó lọ sílé rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ọkọ rẹ̀ ló gbé àga fún mi. Arábìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti gbàgbé." Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún wọn, mo sì padà sílé. Ó ṣì ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run títí di òní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò tíì tún jáde síwájú ìjọ wá dúpẹ́ ohunkóhun.

Ẹ̀yin ará, ta ni ó wà nínú ìjọ yín tó ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀? Bóyá ọmọ Ígbò tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, bóyá maiguard tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ni, bóyá ọ̀dọ́ tó lọ sí ìwọ́de ni. Ẹ má dúró di oṣù márùn-ún. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí Olúwa tó ka òkú àríwá àti òkú gúúsù pọ̀ wẹ̀ wá mọ́, kí ó fún ilẹ̀ wa ní àlàáfíà, kí ó sì fún wa ní halelúyà tí yóò dún fún gbogbo ẹni tó bá yè, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.